Híìtì Kan Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀ Láti Pa Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gba ohun tó dára jù lọ tí mo tíì fi ọwọ́ mi ṣe kúrò lọ́wọ́ mi, pẹ́ńsùlù ló sì fi gbà á. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń sọ ìtàn yìí kì í ṣe ẹni tó dúró ní kọ̀rọ̀ wo ìjà ẹlòmíràn. Èmi ni wọ́n ṣe é sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà la jọ ń gbé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ìgò wò. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìgò oògùn, ó máa ń jókòó sórí àga gíga níwájú pátákó funfun kan tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìgò á sì máa gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Èyí tó bá sán, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá há sí lára, ìka kan ló fi ń tì í sínú garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í dúró rò ó. Ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Olójú-Ìgò. Bí òwú kan bá yọ lára ẹ̀wù yín, ẹ má gba iwájú ilé wa kọjá.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìgò ló sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí Ìyá wa bá gbé búrẹ́dì fún wa pé ká pín in, rúlà ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń lọ mú. Èmi ni àbúrò, mo sì rò pé àbúrò ló yẹ kó gba èyí tó tóbi. Ó ní búrẹ́dì ò mọ àbúrò.

Èmi ní tèmi, mẹkáníìkì ni mí ní gáréèjì bọ́ọ̀sì. Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wa máa ń gbá bésíbọ́ọ̀lù lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìgò: gáréèjì wa, ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Eré náà ò le. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á dúró dè é pẹ̀lú igi. Bí onígi bá lù ú, á sáré lọ sí bésì kìn-ín-ní, àpò pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, láti ibẹ̀ sí ìkejì, sí ìkẹta, kó tó padà síbi tó ti gbéra; ayò kan nìyẹn. Àwọn amúbọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá á máa sa gbogbo ipá wọn láti mú bọ́ọ̀lù dé bésì ṣáájú rẹ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́; bí wọ́n bá yọ ẹni mẹ́ta, abala kan parí. Bó bá lù ú dáadáa débi tó fi dé bésì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe, híìtì nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ ọ́ sí. Èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù fún gáréèjì. Ajùbọ́ọ̀lù tó bá sì ju abala mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí eré kan ní láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu híìtì kan péré, ó ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe títí wọ́n á fi kú. Nínú líìgì tiwa, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é rí. Òun ni mò ń fẹ́ láyé, mi ò ní parọ́ fún yín.

Akọ̀wé eré tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá arúgbó kan, ojú ló fi ń kọ̀wé. Bó bá fẹ́ràn rẹ, híìtì lo lù. Bí o ò bá kí i dáadáa láàárọ̀, àwọn tó wà lórí pápá ló ṣe àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ nǹkan kan nípa eré yìí nígbà náà, omi mímu ló wá gbé fún mi. Ó jókòó sẹ́yìn bàbá náà, ó ń wo pápá, ó sì ń wo ìwé. Nígbà tó yá, ó na ìka sí ojú ìwé náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ kọ síbí yìí kọ́ ló ṣẹlẹ̀."

Bàbá náà wò ó tòkètilẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ ọ́ ni?"

Ìbéèrè tí kò yẹ kéèyàn bi ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó yá ìwé òfin eré náà, ó kà á fún odindi oṣù kan bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, nígbà tí líìgì sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló wà lórí àga. Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Lórí pápá, pẹ́ńsùlù ló ń lò. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, á nu tábìlì ìdáná mọ́ tónítóní, á wá fi bírò dúdú dà á kọ sínú ìwé ńlá, nítorí pé òfin fún akọ̀wé ní odindi ọjọ́ kan láti tún inú rò lórí ohun tó kọ. Bí bírò bá ti kàn án, ó parí. Ọlọ́run nìkan ló lè pa bírò ẹ̀gbọ́n mi rẹ́, kò sì dá mi lójú pé òun náà ò ní kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Ọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ láyé ìgbà yẹn. Ó ń pín lẹ́tà kiri àdúgbò wa, Onílẹ́tà la sì ń pè é. Ó ga, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, lẹ́tà tó yẹ kó sọ sínú àpótí, ilẹ̀kùn ló máa ń kàn kó lè fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ìyá wa ti gbà fún un nínú ọkàn rẹ̀. Ó wá di Sátidé kan, Onílẹ́tà ń gbá fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì lu bọ́ọ̀lù nílẹ̀nílẹ̀. Ẹnì kan ti wà lórí bésì kìn-ín-ní ṣáájú rẹ̀. Ènìyàn méjì kì í jókòó lórí bésì kan, nítorí náà, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ kúrò fún un kó sáré lọ sí ìkejì. Amúbọ́ọ̀lù ṣa bọ́ọ̀lù, ó jù ú sí bésì kejì, ó yọ asáré yẹn. Onílẹ́tà dé bésì kìn-ín-ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì juwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́yìn eré, ó wá wo ìwé. "Híìtì mi dà?"

"Ẹ ò lu híìtì."

"Ta ló lè mú mi? Mo ti dé bésì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀."

"Bẹ́ ẹ ṣe mọ eré sá tó kọ́ ni wọ́n ní kí n kọ. Ẹ̀yin lẹ lé ẹni iwájú yín kúrò lórí bésì, bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ lù ni wọ́n sì fi yọ ọ́. Òun ni wọ́n yọ dípò yín tẹ́ ẹ fi débẹ̀. Kò sí híìtì níbẹ̀."

"Kódà fún èmi?"

"Ibo ni orúkọ yín wà nínú ìwé òfin?"

Ìfẹ́ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú àpótí ni lẹ́tà wa ń bọ́ sí, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́. Ìyá wa bínú sí òfin bésíbọ́ọ̀lù bí ẹni pé ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí tèmi. Ọdún kẹta tí ẹ̀gbọ́n mi di akọ̀wé, gáréèjì àti ilé ìfìwéránṣẹ́ ló pàdé nínú àṣekágbá. Ọwọ́ mi gbóná lọ́jọ́ náà. Abala kan lọ, òmíràn lọ, wọn ò lè lu nǹkan kan. Nígbà tó di abala kẹjọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn á ba orí ire mi jẹ́. Ní abala kẹsàn-án, a ti gba ayò méjì, wọn ò ní ẹyọ kan. Mo yọ ẹnì kìíní, mo yọ ẹnì kejì. Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin kan tó ń lu òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà, tí à ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn, mo ṣèèṣì ju mẹ́rin tó ṣáko fún un, òfin sì fún un ní bésì kìn-ín-ní lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn kì í ṣe híìtì. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo, ta ló sì gbé igi bọ̀ bí kì í bá ṣe Onílẹ́tà.

Ó lu èkejì tí mo jù. Mo gbọ́ ìró igi yẹn, mo mọ̀ pé ó lù ú dáadáa. Bọ́ọ̀lù náà forí lé àlàfo tó wà láàárín amúbọ́ọ̀lù méjì, kò sí ọwọ́ tó lè tó o. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn ti ki eré mọ́lẹ̀, ó ń lọ sí bésì kejì, ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ ló sì pàdé bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù bà á ní kókósẹ̀ gbọ̀ọ́, ó dúró sílẹ̀. Rẹ́fírì na ìkúùkù sókè pé asáré ti jáde. Ẹnì kẹta tí a yọ nìyẹn, eré parí.

Wọ́n gbé mi lé èjìká. Ọ̀gá gáréèjì wa, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé ìparí, ń fò bí ọmọdé. Láti orí èjìká ni mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi lókèèrè, ó tẹrí ba, ó ń kọ nǹkan. Mo rò pé orúkọ mi ló ń kọ.

Káfíńtà gáréèjì, tó ń tún àga inú bọ́ọ̀sì ṣe, tó sì tún ń gbá pẹ̀lú wa, kò fi iṣẹ́ falẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Ọ̀gá ti gbé pátákó kan dé ilé wa. Ó ti fín ọ̀rọ̀ sí i lára: LÓJỌ́ YÌÍ, AJÙBỌ́Ọ̀LÙ GÁRÉÈJÌ KÒ JẸ́ KÍ ẸNIKẸ́NI LU HÍÌTÌ. Ó fín ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Orí mi wú. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé ńlá àti bírò. Ó ka pátákó náà tán.

"Ó rẹwà," ó ní. "Ẹ máa gbé e lọ. Híìtì kan wà."

Ọ̀gá fi pátákó náà ti ògiri. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n yọ ènìyàn, eré sì parí. Ibo ni híìtì gbà wọ̀ ọ́?"

"Asáré ni wọ́n yọ, Ọ̀gá. Bọ́ọ̀lù tó bá ba asáré kó tó dé ọwọ́ amúbọ́ọ̀lù kankan, asáré ló jẹ̀bi, òun ló máa jáde. Onígi ò ṣẹ̀. Wọ́n á kọ híìtì fún un."

Mo já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí wọ́n yọ ẹni iwájú Onílẹ́tà lọ́jọ́sí, ẹ ní kì í ṣe híìtì. Wọ́n tún yọ ẹni iwájú ẹ̀ lánàá, ó wá di híìtì?"

"Tọjọ́sí, amúbọ́ọ̀lù ló mú bọ́ọ̀lù, òun ló sì yan ẹni tó fẹ́ fi yọ. Tàná, ta ló mú bọ́ọ̀lù? Ẹsẹ̀ ló mú un. Bí ẹsẹ̀ yẹn ò bá sí níbẹ̀, ibo ni bọ́ọ̀lù ì bá wà?"

Mo mọ ibi tí ì bá wà. Ì bá ti wà nínú koríko lọ́hùn-ún.

Káfíńtà ráhùn sínú pé ìfẹ́ àtijọ́ ló ń da obìnrin yìí láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn. Ìyá wa fa àga, ó jókòó tì í, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò rẹ ni. O ṣì lè tún inú rò títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Bó o bá fi rọ́bà pa á, kí ló máa ṣe ìwé yẹn?"

"Kò ní ṣe ìwé ní nǹkan kan, Mààmi. Àbúrò mi ló máa ṣe ní nǹkan."

Gbogbo wa jókòó sínú ilé ìdáná yẹn bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Rọ́bà wà lórí tábìlì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́ta lù, ó ṣí bírò, ó kọ ení sábẹ́ híìtì, ó pa ìwé dé. Mo dìde, mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn lójú. Pátákó náà ò rí ibi lọ. Ìyá wa, tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò, dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi dé orí dúrọ́ọ̀mù omi.

Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Ìyá wa ni ògbufọ̀ wa. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó bá ẹ gbé iyọ̀." "Sọ fún àbúrò rẹ pé iyọ̀ wà níwájú ẹ̀." Nígbà tó sú u, ó gbé iyọ̀ náà pa mọ́.

Ohun tó là mí lójú, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìgò bàjẹ́, wọ́n sì rán mi lọ tún un ṣe. Mo gba ojú fèrèsé rí ẹ̀gbọ́n mi lórí àga gíga rẹ̀. Ìgò ń kọjá, ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ti ọ̀kan dà nù níṣojú mi, ìgò tó dán, tó mọ́ gaara, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹ wò ó, ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé garawa náà jáde wá síta, mo mú ìgò yẹn. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mi ò rí nǹkan kan. Mo gbé e sókè sí oòrùn, ìgbà náà ni mo rí ìlà kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kò nípọn ju irun orí lọ. Omi gbígbóná kan péré á là á sí méjì lọ́wọ́ aláìsàn. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi. Ojú ara mi tì mí. Mo ti rò pé ó ń wò mí ni kò fi rí bọ́ọ̀lù, àṣé èmi ni mò ń wo ara mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí oúnjẹ, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé iyọ̀."

Ó gbé e fún mi. "Ọwọ́ rẹ máa ń fò sókè jù bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ibẹ̀ ni mẹ́rin tó ṣáko yẹn ti wá. Ó wà nínú ìwé."

Ọdún yí po. Àṣekágbá tún dé, ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ló tún kò wá lójú. Mo pa ọwọ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe ní kí n ṣe. Abala mẹ́jọ, híìtì kankan ò sí. Ní ìkẹsàn-án, mo yọ ẹnì kan. Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn lu èyí tí kò ní láárí, amúbọ́ọ̀lù wa jẹ́ kó yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dé bésì kìn-ín-ní. Àṣìṣe nìyẹn, kì í ṣe híìtì. Onílẹ́tà gbé igi.

Ó lù ú nílẹ̀nílẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn lápá òsì. Káfíńtà sáré, ó na gbogbo ara, ó ṣa á. Kò lè mú Onílẹ́tà mọ́, gbogbo wa la rí i. Ó yí padà, ó jù ú sí bésì kejì, ó sì yọ Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Onílẹ́tà dúró lórí bésì kìn-ín-ní, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ariwo sọ. "Híìtì! Híìtì!" Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí tábìlì, àwọn èèyàn rẹ̀ sì wọ́ tẹ̀ lé e.

"Kí lo kọ?"

"Mi ò kọ híìtì."

"Àbúrò rẹ ló ń ju bọ́ọ̀lù, a mọ̀. Ọmọ ta ló lè mú ọmọkùnrin wa ní bésì kìn-ín-ní?"

"Kò sẹ́ni tó lè mú un, sà. Kì í ṣe híìtì."

Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí i pé ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó sì ká ọwọ́ lé ìwé. Ẹ̀rù bà mí fún un ju bó ṣe bà mí fún ara mi lọ. Onílẹ́tà wá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ́fírì, ó kúrò lórí bésì, ó rọra ń bọ̀. Gbogbo èèyàn rò pé ó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo lù ú, kì í ṣe híìtì. Nígbà tí mò ń fẹ́ wọn, irú eléyìí gan-an ni wọ́n fi dù mí. Lọ́dún tó kọjá tí wọ́n rò pé mi ò fẹ́ wọn mọ́, wọ́n gba ògo lọ́wọ́ àbúrò wọn, wọ́n kọ ọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ híìtì ni, wọ́n á ti kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga."

Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó padà lọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi mú pẹ́ńsùlù rẹ̀. Kó tó tẹrí ba sórí ìwé, ó wo Onílẹ́tà lójú.

Ó ku ẹnì kan. Mo ju mẹ́ta fún un, igi rẹ̀ gé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun náà jáde. Kò sí ẹsẹ̀ tó gba ọ̀nà, kò sí ìwé òfin tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣí. Mo fò sókè fún ayọ̀, àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tiwa. Ohun tó jẹ́ kó dùn jù nìyẹn: kò sẹ́ni tó jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó nu tábìlì, ó ṣí ìwé ńlá, ó sì ní kí n jókòó ti òun. Ó kọ òdo sábẹ́ híìtì, ó yí i po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ fún ẹ lọ́dún tó kọjá tó mi," ó ní. "Ìwọ gan-an ò fẹ́ ẹ tó mi."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí kò ní bírò.

Káfíńtà ti dé, ó ṣí pátákó náà kúrò lórí dúrọ́ọ̀mù omi, ó fá ọjọ́ àtijọ́ dànù, ó fín tuntun sí i. Kò ní láti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó kù. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kò sí nǹkan. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Àìkú ni, wọn kì í pín lẹ́tà, ṣùgbọ́n Ìyá wa ti sáré dìde.

Onílẹ́tà wọlé, ó kí gbogbo wa, ó ka pátákó náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù káfíńtà, ó sì fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀: Èmi ni mo lu tìkẹyìn. Kì í ṣe híìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi gba pẹ́ńsùlù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na bírò dúdú sí i, bírò tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rí.

"Ẹ fi eléyìí kọ ọ́," ó ní.

Àna mi ni Onílẹ́tà báyìí. Ìṣó kan ṣoṣo la fi gbé pátákó náà kọ́ sára ògiri, kó lè rọrùn láti yí padà, torí pé àlejò tó bá ti ka iwájú rẹ̀ tán ló máa ń fẹ́ rí ẹ̀yìn.